Ọkọ̀ Ò Ní Dúró Dè Yín

Gbólóhùn kan ló kọ́kọ́ dẹ́rù bà mí, kì í ṣe òkun. Ọmọbìnrin mi tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní ìlú òyìnbó ló fi ìwé ìrìn àjò náà ránṣẹ́ sórí fóònù mi. Mo ní kí wọ́n bá mi tẹ̀ ẹ́ jáde ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà tó wà níwájú ilé wa ní Ìsìkàn nílùú Àkúrẹ́, nítorí èmi kì í gba ọ̀rọ̀ tí kò bá sí lórí bébà gbọ́. Mo jókòó sídìí tábìlì oúnjẹ pẹ̀lú bírò pupa, bí ẹni tó fẹ́ máàkì ìdánwò. Ojú ìwé kẹsàn-án ni mo dé tí mo fi bírò sílẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé bí ẹ bá bá wa jáde lọ wo ìlú, tí a bá sì pẹ́ lọ́nà, ọkọ̀ yóò dúró dè yín. Bí ẹ bá dá jáde fúnra yín, tí ẹ ò sì tètè dé, ọkọ̀ ò ní dúró dè yín.

Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Mo pe ọkọ mi láti pálọ̀, mo kà á fún òun náà.

"Wọn ò kúkú fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ," ló wí. "Ká tẹ̀ lé wọn ni."

"Ṣebí ẹ mọ̀ pé mi ò lè tẹ̀ lé wọn."

Ó mọ̀.

Ọdún tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà ni ọmọ wa ra ìrìn àjò yìí fún àwa méjèèjì. Ọkọ̀ ojú omi ńlá kan ni, tó ga bí ilé alájà mẹ́wàá, tó ń gbéra láti ilẹ̀ òyìnbó. Á rìn lójú òkun, á gúnlẹ̀ sí èbúté kan láàárọ̀, àwọn èrò á sọ̀ kalẹ̀ lọ wo ìlú, wọn á sì padà wọlé kó tó di ìrọ̀lẹ́ kó tún lè máa lọ. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní jọ́gíráfì. Mo ya òkun sí pátákó títí ẹfun fi kún imú mi, bẹ́ẹ̀ odò Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ ni omi tó tóbi jù tí mo mọ̀ dáadáa. Inú mi ń dùn bí ọmọ mi ṣe ń ka orúkọ àwọn èbúté náà sí mi létí, mo ń pe ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wà lórí máàpù kó tó sọ ọ́. Ló bá ka Las Palmas. Mo ní kó tún un kà.

Las Palmas ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin lọ tí kò padà wálé mọ́.

Ọdún tí wọ́n yọ Èkìtì kúrò lára ìpínlẹ̀ Oǹdó ni ẹ̀gbọ́n mi náà yọ ara rẹ̀ kúrò lára wa. Ó ní ọdún méjì lòun máa lò. Lákọ̀ọ́kọ́, ìwé ìgbélùú ni kò ní, bó bá jáde kò ní lè wọlé mọ́. Nígbà tó rí ìwé, owó ọkọ̀ ni kò ní. Nígbà tó rí owó, ó dá mi lójú pé ìtìjú ló kù. Ó ti lé ní ogún ọdún báyìí. Gbogbo ọjọ́ Ìsinmi, tí Màmá bá ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ó máa ń pè wọ́n ní ilé wa ní ìlú Oǹdó, kò sì yẹ̀ rí. Ojú Màmá ti ṣú, òjìji ènìyàn ni wọ́n ń rí, ṣùgbọ́n etí wọn ṣì ń gbọ́ ohun tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún wọn.

Mo rò pé Màmá máa jó nígbà tí mo gbé ìròyìn náà dé Oǹdó. Wọn ò jó. Wọ́n ní kí n ti ilẹ̀kùn.

"Ṣé wàá rí i lójúkojú? Kì í ṣe nínú fóònù?"

"Lójúkojú, Màmá."

"Ó dáa. Fetí sílẹ̀. Ọmọ yẹn ń rẹ́rìn-ín jù."

Mo fẹ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́, mo ní ẹ̀rín mà dáa, ṣùgbọ́n wọ́n gbé ọwọ́ sókè.

"Èmi ni mo bí i. Kì í rẹ́rìn-ín sí ohun tí kò pani lẹ́rìn-ín. Láti bí ọdún méjì ni mo ti ń kíyè sí i. Mo ní ẹnì kan kú ládùúgbò, ó rẹ́rìn-ín. Mo ní kí ló jẹ, ó rẹ́rìn-ín. Mo ní ìgbà wo ló ń bọ̀ nílé, ẹ̀rín ni mo gbọ́. Nǹkan kan ti ṣe ọmọ mi. Lọ bá mi wò ó bóyá ó pé. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Ohun tí o bá fojú rẹ rí ni kí o mú bọ̀ fún mi, má mú ohun tó bá sọ fún ọ wá."

Mo ṣèlérí fún wọn. Àyà mi já bí mo ṣe ń ṣe é, nítorí èmi náà ti ń gbọ́ ẹ̀rín yẹn, mo kàn ń pè é ní ayọ̀ ni. Èmi àti òun máa ń rí ojú ara wa lórí fóònù lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ojú rẹ̀ ti fọn díẹ̀, ṣùgbọ́n ojú ta ni kò fọn?

Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé kò gbé ní ìlú tí èbúté wà. Ìlú kékeré kan lápá gúúsù erékùṣù náà ló ń gbé, níbi tí wọ́n ti ń gbin tòmátì nínú ilé onírọ́bà. Mo pè é, mo ní kó wá pàdé mi lẹ́nu èbúté.

"Iṣẹ́ ò ní jẹ́, Àbúrò," ló wí, ó sì rẹ́rìn-ín. "Ìwọ ni kó o máa bọ̀. Wọ bọ́ọ̀sì, kò jìnnà."

Bọ́rọ̀ ṣe di pé mo máa dá jáde fúnra mi nìyẹn, tí ọkọ̀ ò sì ní dúró dè mí.

Ẹni tí kò bá tíì wá àlàyé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lórí fóònù kò lè mọ bí ẹ̀rù ṣe bà mí tó. Mo rí fídíò tọkọtaya òyìnbó kan tí wọ́n ń sáré létí omi, tí bàtà ti bọ́ lẹ́sẹ̀ ìyàwó, tí ọkọ̀ sì ti kúrò nílẹ̀ bí ìwọ̀n ojú títì kan. Àwọn èrò tó wà lókè ọkọ̀ ń pàtẹ́wọ́. Àtẹ́wọ́ yẹn ni mo ń gbọ́ tí mo bá ń ro ọbẹ̀. Mo tún ka ti ọkùnrin kan tí ọkọ̀ fi sílẹ̀, tó wọ ọkọ̀ òfurufú lọ bá a ní èbúté tó kàn, tó ń fi ṣàwàdà. Òun ló ni àwàdà. Ìwé ìrìnnà tirẹ̀ ò jọ tèmi. Èmi, ìyá àgbà kan láti Àkúrẹ́, tí físà mi ní ọjọ́ tó máa kú, bí mo bá dúró létí omi ní ilẹ̀ Sípéènì pẹ̀lú báàgì ọwọ́ kan, tí mo sọ fún ọlọ́pàá pé ọkọ̀ ló fi mí sílẹ̀, ta ló máa gbà mí gbọ́? Wọn á ní bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe ṣe é.

Ohun tí mo mọ̀ ọ́n ṣe tí ẹ̀rù bá bà mí ni kí n kọ ọ́ sílẹ̀. Mo fi rúlà la ìwé bí ìwé ètò ẹ̀kọ́, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka aago láti ẹ̀yìn bọ̀ síwájú. Aago mẹ́rin ààbọ̀ ni gbogbo ènìyàn gbọ́dọ̀ ti wà nínú ọkọ̀. Bọ́ọ̀sì láti ìlú ẹ̀gbọ́n mi dé èbúté, ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta. Ìrìn ẹsẹ̀, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ìlà àwọn tó ń wọlé, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Mo tún rí ìkìlọ̀ kan nínú ìwé wọn, mo fa ìlà pupa méjì sábẹ́ rẹ̀: aago inú ọkọ̀ ni kí ẹ tẹ̀ lé, kì í ṣe aago èbúté, nítorí àwọn méjèèjì lè yàtọ̀.

Ọkọ mi, tó jẹ́ ọmọ Àkúrẹ́ pọ́ńbélé, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ awọnlẹ̀ tipẹ́, máa ń wo ìwé mi, á sì mi orí. Eékún ń dùn ún, ó ti ní òun ò ní tẹ̀ lé mi. Ó ní òun á dúró sínú ọkọ̀, kí ẹnì kan lè wà níbẹ̀ tó máa pariwo bí wọ́n bá fẹ́ máa lọ. Ó ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà tù mí nínú.

Ní ọjọ́ kan mo ní ká dán an wò. Àkúrẹ́ sí ìlú Oǹdó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọ̀nà tí mo máa rìn ní erékùṣù náà.

"Ulé yìí lọkọ̀?" ọkọ mi bi mí.

"Ilé yìí lọkọ̀, ẹ̀yin sì ni kápùtéènì."

Mo jáde ní aago mẹ́sàn-án géérégé. Mo máa kí Màmá, mo máa jókòó tì wọ́n, mo sì gbọ́dọ̀ ti wọ géètì wa kí aago mẹ́rin ààbọ̀ tó lù. Ní gáréèjì tí wọ́n ti ń wọ mọ́tò Oǹdó, mọ́tò tí mo wọ̀ kò tíì kún. Dírẹ́bà ní ó ku ẹni méjì. A jókòó fún nǹkan bí wákàtí kan, ẹni méjì ò dé, mo ń wo aago, obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bi mí bóyá ẹni mi kan ló ń rọbí. Ní Òwènà, dírẹ́bà tún sọ̀ kalẹ̀ lọ ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà, ó ń ná an bí ẹni tí kò ní ibi tó ń lọ. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ Màmá, wọ́n ti ní kí wọ́n gúnyán. Mo ní mi ò ní lè dúró jẹun, Màmá ní, "Ulí tàwọn wo lo ti kọ́ ìyẹn?" Mo jẹun. Mo ní mo fẹ́ máa lọ, wọ́n ní ká gbàdúrà. Àdúrà Màmá máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ọba, á gba ọ̀dọ̀ gómìnà àti bíṣọ́ọ̀bù kọjá, kó tó kan ọmọ tó kúnlẹ̀ níwájú wọn.

Aago márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni mo dé Ìsìkàn. Ọkọ mi ti ti géètì pa. Ó jókòó sí báńkóníì, ó ń juwọ́ sí mi.

"Ọkọ̀ ti lọ, Tíṣà! Ó dàbọ̀ o!"

Àwàdà ni, mo mọ̀ pé àwàdà ni. Ṣùgbọ́n mo bú sẹ́kún lójú títì, lójú àwọn tó ń ta búrẹ́dì. Ó sáré wá ṣílẹ̀kùn, ó ń bẹ̀ mí. Lọ́jọ́ yẹn ni a jọ fi òfin kan lélẹ̀: ní aago méjì ààbọ̀, ohun yòówù tí mo bá ń ṣe, mo gbọ́dọ̀ dìde kí n sì pè é pé mo ti kúrò níbẹ̀. Bí aago méjì ààbọ̀ bá kọjá tí kò gbọ́ ohùn mi, òun ló máa pè mí.

Mi ò ní sọ púpọ̀ nípa òkun. Ó tóbi, kò sì dúró sójú kan. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí a gúnlẹ̀ sí Las Palmas, mo ti múra kí ilẹ̀ tó mọ́. Mo fi ìwé ètò mi sínú àpamọ́wọ́, mo tún kọ ọ́ sí ẹ̀yìn ọwọ́ bí ọmọ iléèwé tó fẹ́ jíwèé wò. Ọkọ mi sìn mí dé ẹnu àtẹ̀gùn. Ó na aago ọwọ́ rẹ̀ sí mi, ó ní, "Mo ń wò ó." Mo sọ̀ kalẹ̀. Mo bojú wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀mẹrin láti rí i bóyá ọkọ̀ ṣì wà níbẹ̀.

Bọ́ọ̀sì wọn ò dúró de ẹnikẹ́ni kó kún. Bí aago ti lù ló gbéra, èmi pẹ̀lú obìnrin kan àti ajá rẹ̀ nìkan la wà nínú rẹ̀. Ó yà mí lẹ́nu, kí n má purọ́. Kó tó di aago mọ́kànlá mo ti wà níwájú ilé tí ẹ̀gbọ́n mi júwe, yàrá ìsàlẹ̀ kan tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kọjú sí òpópónà. Mo kanlẹ̀kùn.

"Wọlé! Kò tì!"

Ó jókòó sẹ́yìn tábìlì, ó da aṣọ ìbora lé itan. Irun rẹ̀ ti funfun gbòò. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Bùọ̀dá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta." Ó fà mí mọ́ra láti orí àga tó wà, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń bi mí pé ṣé ulí dáa. Ogún ọdún ó lé, kò sì tíì gbàgbé bí a ṣe ń pe ilé ní Oǹdó.

Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í rán mi níṣẹ́. "Àbúrò, lọ bá mi gbé omi wá ní kíṣìnì." "Ìrẹsì wà nínú ìkòkò yẹn, bù ú fún wa." "Ṣí fèrèsé." "Ti fèrèsé, òtútù ń wọlé." Mo ti lé lẹ́ni ọgọ́ta ọdún, ọmọ ọmọ ń rán mi níṣẹ́ lórí fóònù, ṣùgbọ́n inú mi dùn pé ẹnì kan tún wà láyé tó lè jókòó kó sì máa rán mi kiri inú ilé. Bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn, ẹ̀gbọ́n á jókòó, àbúrò á dìde. Mo ń lọ, mo ń bọ̀, mo ń kọrin lábẹ́lẹ̀.

Bí mo ṣe ń ṣe é, mo ń jíṣẹ́ Màmá lọ́kàn mi. Mo wo ojú rẹ̀ méjèèjì, wọ́n ń ríran. Mo fi ọgbọ́n ka ìka rẹ̀ nígbà tó ń jẹun, wọ́n pé mẹ́wàá. Etí rẹ̀ ń gbọ́. Eyín kan ló yọ lókè, ìyẹn kì í ṣe àrùn. Ó ti gbẹ, ó ti darúgbó, ìyà ti jẹ ẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ó pé. Mo ń ro bí mo ṣe máa wí i fún Màmá: ó pé, Màmá, mo kà á. Ẹ̀rù tó ti wà lọ́kàn mi láti ọjọ́ tí mo ti ka ojú ìwé kẹsàn-án bẹ̀rẹ̀ sí í fúyẹ́.

Ibẹ̀ ni fóònù mi ti dún.

"Níbo lo wà?" Ọkọ mi ni, ohùn rẹ̀ ti ga. "Aago méjì ààbọ̀ ti kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún! O ò pè mí!"

Mo wo fóònù mi. Aago kan kọjá ìṣẹ́jú márùndínlógójì ló wà níbẹ̀. Mo wo aago tó wà lára ògiri, bákan náà ni. Mo sì rántí ìlà pupa méjì tí mo fà: aago inú ọkọ̀ ni kí ẹ tẹ̀ lé. Aago inú ọkọ̀ ti yí, mi ò sì mọ̀. Gbogbo ìṣirò tí mo fi oṣù mẹ́ta ṣe ti bàjẹ́ ní wákàtí kan gbáko, mo wá ń gbọ́ àtẹ́wọ́ àwọn èrò lókè ọkọ̀.

"Bùọ̀dá, mo ti pẹ́, ọkọ̀ ń lọ!" Mo ń kó báàgì, mo ń wá bàtà. Mo kúnlẹ̀ wìrì, mo dìde. Ó na ọwọ́, ó dì mí lọ́wọ́ mú, ó ní ó dàbọ̀, ó ní kí n kí Màmá. Ó jókòó síbẹ̀.

Mo ti dé ẹnu ilẹ̀kùn kí n tó rí i pé kò dìde. Nílé wa, àlejò kì í dá jáde. Ẹ̀gbọ́n tó ń rán ọmọ níṣẹ́ látàárọ̀ náà ló máa sìn ín dé títì nígbà tó bá ń lọ. Nínú gbogbo ìjayà yẹn, ọ̀rọ̀ náà ṣì dùn mí.

"Bùọ̀dá, Sípéènì mà ti bà yín jẹ́ o. Ẹ ò tiẹ̀ ní sìn mí sọ́nà?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín tí Màmá sọ nìyẹn, mo gbọ́ ọ wàyí láìsí fóònù láàárín wa. Kò pẹ́ tó dáwọ́ dúró. Ó ká aṣọ ìbora náà kúrò lórí itan, ó ká a dáadáa, bí ẹni tó fẹ́ tọ́jú rẹ̀ sínú àpótí, ó sì gbé e sórí tábìlì.

Ẹsẹ̀ kan ló wà lábẹ́ rẹ̀.

"Ìtọ̀ ṣúgà ni," ló wí. "Egbò kékeré kan, níbi iṣẹ́. Ó di ọdún méjì."

Mo jẹ ìrẹsì rẹ̀, mo kọrin nínú ilé rẹ̀, mo ka ìka rẹ̀. Fóònù tún bẹ̀rẹ̀ sí í dún.

"Má sọ fún Màmá," ló wí. "Ṣé o gbọ́, Àbúrò? Wọn á kú."

Ó na ọwọ́ sẹ́yìn àga, ó mú ọ̀pá méjì tí wọ́n ń fi sábẹ́ abíyá, ó gbéra. Mo ní kó jókòó, mo ní mo ti rí i, ó ti tó. Ó ń fò lọ́kọ̀ọ̀kan títí ó fi dé ẹnu ilẹ̀kùn, ó sì dúró síbẹ̀, ó ń mí gúlegúle. "Máa lọ," ló wí, "ọkọ̀ ò ní dúró." Mo sáré. Bí mo bá sọ pé mo bojú wẹ̀yìn, irọ́ ni mo pa. Ẹ̀rù ọkọ̀ ò jẹ́.

Nínú bọ́ọ̀sì, mo ń sunkún, mo sì ń wo aago, méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Mo sá láti ibùdókọ̀ dé èbúté, mo ń fi ọwọ́ di àyà mú. Ọkọ̀ wà níbẹ̀, ó dúró jẹ́ẹ́. Kò sí ìlà. Ọmọkùnrin tó ń wo káàdì ní ẹnu ọ̀nà rẹ́rìn-ín sí mi, ó ní mo tètè dé. Aago ńlá kan wà lẹ́yìn orí rẹ̀. Aago mẹ́ta ku ìṣẹ́jú márùn-ún ló wà níbẹ̀, ohun kan náà tó wà nínú fóònù mi.

Ọkọ mi jókòó lókè, ó ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ara rẹ̀. Ó na aago ọwọ́ rẹ̀ sí mi pẹ̀lú ìgbéraga. "Ọpẹ́lọpẹ́ mi," ló wí. Aago mẹ́rin ti fẹ́ lù nínú tirẹ̀. Aago Àkúrẹ́ ni. Láti ọjọ́ tí a ti kúrò nílé, kò yí i. Èmi tí mo fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ ọmọ ọlọ́mọ bí aago ṣe ń yàtọ̀ láti ìlú dé ìlú, mo yẹ gbogbo nǹkan wò tán, mi ò yẹ ọwọ́ ọkọ mi wò.

Mi ò bá a jà. Agbára ìjà ò sí. Mo jókòó tì í, mo sọ ohun tí mo rí fún un, ó bọ́ aago náà lọ́wọ́, ó fi sápò. Fún wákàtí kan àti ààbọ̀ ni mo fi ń wo apá gúúsù erékùṣù náà. Mo ṣe ìṣirò rẹ̀ lóríṣiríṣi. Bí mo bá lọ, mi ò ní lè dé padà. Wákàtí tó yẹ kí n lò lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi, lẹ́yìn tí mo ti mọ̀, lórí àga lókè ọkọ̀ ni mo ti lò ó.

Nígbà tí a padà dé Àkúrẹ́, ọ̀sẹ̀ kan kọjá kí n tó lè lọ sí Oǹdó. Mo ń sọ pé ó rẹ̀ mí. Ẹ̀rù Màmá ló ń bà mí, ju bí òkun ṣe bà mí lẹ́rù lọ. Bí mo bá sọ òtítọ́, mo lè pa wọ́n. Bí mo bá purọ́, mo ti yẹ àdéhùn. Nínú mọ́tò, mo pinnu pé mà á purọ́. Mo tò ó bí ètò ẹ̀kọ́: ojú rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀, etí rẹ̀, ìrẹsì tó sè. Òtítọ́ ni gbogbo rẹ̀. Mi ò kàn ní débẹ̀ yẹn.

Màmá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọ́n gbọ́ gbogbo rẹ̀ láìdá mi lẹ́nu. Mo sọ fún wọn nípa irun funfun, nípa bó ṣe ń rán mi níṣẹ́ bíi tàtijọ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín síyẹn díẹ̀. Mo ní ó pé, Màmá, ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá.

"A dúpẹ́," ni wọ́n wí. "Nígbà tí o ń bọ̀, ó sìn ọ́ dé ibo?"

Mi ò kọ ìyẹn sínú ètò. "Ẹnu ilẹ̀kùn," ni mo wí.

"Ẹnu ilẹ̀kùn."

"Ọkọ̀ ló ń kánjú lọ, Màmá, mo ti pẹ́..."

"Ọmọ mi, tó máa ń sin àlejò títí wọn á fi bẹ̀ ẹ́ pé kó padà. Àbúrò rẹ̀ wá láti Àkúrẹ́, ó sì sìn ín dé ẹnu ilẹ̀kùn." Wọ́n yí ojú wọn tí kò ríran sí mi. "Ẹsẹ̀ ni?"

"Ẹsẹ̀ ni, Màmá."

"Méjèèjì?"

"Ọ̀kan. Òsì."

Wọ́n mí kanlẹ̀. Wọn ò pariwo, wọn ò sì kú. Wọ́n na ọwọ́, wọ́n fi lé ẹsẹ̀ òsì tiwọn, wọ́n ń fọwọ́ pa á láti ọrùn ẹsẹ̀ bọ̀ lókè, díẹ̀díẹ̀.

"Ibo ni wọ́n gé e dé?" ni wọ́n bi mí.

Mo di ọwọ́ wọn mú, mo gbé e kọjá orúnkún, mo fi lé orí itan wọn. "Ibí yìí, Màmá."